Ìwé Là Ń Kà, Ewé Là Ń Kọ

Bí ọmọ kan bá já fáfá nínú ìṣirò ní ìlú Èkó, ohun tí àwọn àgbà máa ń wí ni pé orí rẹ̀ pé bíi ti Alájọ Ṣómólú. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ta ni kò tíì gbọ́ ìtàn bàbá náà? Alphaeus Táíwò Olúnáìkè ni orúkọ rẹ̀, ọdún 2012 ló sì papò dà. Wọ́n ní ó gba àjọ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò fún ọdún mẹ́ta gbáko láì kọ orúkọ ẹnì kankan sílẹ̀, nígbà tí àkókò sì tó láti san owó, kò ṣi owó ẹnì kan san fún ẹlòmíràn. Wọ́n tún ní ó ta mọ́tò rẹ̀, ó fi ra kẹ̀kẹ́. Àwọn tí kò mọ inú ọ̀rọ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọn kò mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ ló lè wọ gbogbo kọ̀rọ̀ tí àwọn oníbàárà rẹ̀ wà, mọ́tò ò lè débẹ̀.

Orí bàbá náà pé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n orí mélòó ló pé bẹ́ẹ̀ láyé? Ẹ wo Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ nìkan. Nígbà tí ìjọba ka ènìyàn ní 2006, 621,509 ni iye tí wọ́n kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀. Ta ni yóò gba àjọ lọ́wọ́ irú èrò bẹ́ẹ̀, tí yóò sì fi gbogbo rẹ̀ sórí? Ibi tí agbára orí bá pin sí ni ìwé ti ń bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ìwé bá sì ti pọ̀ ju agbára akọ̀wé lọ ni kọ̀ǹpútà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìtàn tí mo fẹ́ sọ lóṣù yìí ni ìtàn bí àwọn kan ṣe mú un rọrùn fún ọmọ ènìyàn láti ní kí kọ̀ǹpútà ṣí ìwé, kó kà á, kó kọ nǹkan sí i, kó sì pa á dé. COBOL ni orúkọ èdè tí wọ́n fi ṣe é. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan ni o. Owó oṣù yín, owó ìfẹ̀yìntì yín, èsì ìdánwò ọmọ yín, inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Ó ti kan ẹbí tèmi rí, ẹ ó sì gbọ́ bó ṣe jẹ́.

KÁÀDÌ ÀJỌ LÓJÚ PÁTÁKÓ

Ọdún 1999 ni. Mo ti parí ìwé mẹ́wàá, kò sì sí owó láti tẹ̀ síwájú. Lákòókò náà, bí ènìyàn bá wọ dánfó láti Òṣòdì lọ sí Ìsọlọ̀, pátákó àwọn ilé-ìwé kọ̀ǹpútà ni yóò máa rí lọ́tùn-ún lósì. Bí oníṣègùn ṣe ń to orúkọ àìsàn sára pátákó rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń to orúkọ ohun tí wọ́n ń kọ́ni: BASIC, FORTRAN, COBOL, dBase, Lotus. Èyí tí mo lọ wà lórí òkè ṣọ́ọ̀bù kan tí kò jìnnà sí ọjà Aswani, ọjà ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó gba orúkọ lára ilé-iṣẹ́ aṣọ. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin ló wà níbẹ̀ fún àwa ogún. Bí NEPA bá mú iná lọ, tí kì í sì í pẹ́ tí wọ́n fi ń mú un lọ, ojú pátákó dúdú ni ẹ̀kọ́ ń lọ.

Tíṣà wa jẹ́ àgbàlagbà tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ nídìí àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá kó tó fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rárá. Ó fa káàdì àjọ kan yọ nínú àpò rẹ̀, ó ní, "Kí lẹ rí lára èyí?" A ní nọ́ńbà wà níbẹ̀, orúkọ wà níbẹ̀, àwọn ilà ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n náà wà níbẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Káàdì kan, ewé kan nìyẹn. Gbogbo káàdì tó wà nínú báàgì alájọ, ìwé nìyẹn. Ẹ ti mọ ìdajì COBOL báyìí."

Ó wá kọ ìyókù sójú pátákó:

OPEN INPUT IWE-AJO
READ IWE-AJO AT END MOVE "O TAN" TO IPO
CLOSE IWE-AJO

Ẹ̀rín pa wá. Àṣé ènìyàn lè bá kọ̀ǹpútà sọ Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá pọ̀, bí àwa ará Èkó ṣe ń sọ ọ́! Tíṣà ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn ọ̀rọ̀ àṣẹ ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ti COBOL fúnra rẹ̀: OPEN, ìyẹn ṣí i, READ, ka ewé kan, WRITE, kọ ewé kan, CLOSE, pa á dé. Ṣùgbọ́n orúkọ ìwé àti orúkọ ohun tó wà nínú ewé, bó ṣe wù ọ́ ni o lè pè é, bí o kò bá ti fi àmì ohùn sí i, tí kò sì gùn ju lẹ́tà 30 lọ. Gbólóhùn kejì yẹn ní, "Ka ìwé àjọ, bí o bá dé òpin, kọ 'ó tán' sí ipò." Kí ló tún kù tí akọ̀wé ọ́fíìsì kan kò ní gbọ́ níbẹ̀?

Ohun kan ṣoṣo ló máa ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́sẹ̀. Bí o bá fẹ́ kà, orúkọ ìwé ni o máa dá. Bí o bá fẹ́ kọ, orúkọ ewé ni. Tíṣà sọ ọ́ di orin fún wa: ìwé là ń kà, ewé là ń kọ. Títí di òní olónìí, n kò gbàgbé.

OBÌNRIN TÍ WỌ́N NÍ KỌ̀ǸPÚTÀ KÒ GBỌ́ GẸ̀Ẹ́SÌ

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló rí látilẹ̀. Ní 1890, nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà fẹ́ ka àwọn ènìyàn rẹ̀, Herman Hollerith ṣe ẹ̀rọ tó ń ka ihò tí wọ́n lu sára káàdì. Ẹnì kan, káàdì kan. Káàdì bẹ́ẹ̀ ni ayé fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìlà 80 péré ló sì ń gbà lẹ́yìn tí IBM tún un ṣe ní 1928. Ẹ fi 80 yẹn sọ́kàn o, nítorí a óò padà sí i.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé tí wọ́n sì ń fi téèpù tọ́jú ìwé, ìyà wá jẹ àwọn tó ń kọ iṣẹ́ fún un. Láti ka ewé kan ṣoṣo, wọ́n ní láti tò ó lẹ́sẹẹsẹ fún ẹ̀rọ náà: yí téèpù yìí, dúró, kó ohun tí o kà sí ibi báyìí, wò ó bóyá ó pé. Nọ́ńbà àti àmì ni wọ́n fi ń kọ gbogbo èyí. Tí ilé-iṣẹ́ bá sì ra kọ̀ǹpútà tuntun lọ́wọ́ ẹlòmíràn, iṣẹ́ àtijọ́ di òfo, nítorí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló ní èdè tirẹ̀.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Grace Hopper, onímọ̀ ìṣirò tó tún jẹ́ ológun orí omi Amẹ́ríkà, ló yarí. Ọdún 1906 ni wọ́n bí i, ó sì kú ní 1992. Ó ní kí ló dé tí akọ̀wé kò lè fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lásán pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà? Wọ́n fún un lésì pé kọ̀ǹpútà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kò bá wọn jà. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lọ ṣe èdè kan tó ń jẹ́ FLOW-MATIC láàárín ọdún 1955 sí 1959, kọ̀ǹpútà sì gbọ́ ọ.

Ní 1959, obìnrin mìíràn, Mary Hawes ti ilé-iṣẹ́ Burroughs, ní ó tó àkókò kí gbogbo ẹ̀rọ ní èdè kan náà fún iṣẹ́ òwò. Wọ́n pàdé ní oṣù kẹrin ọdún náà ní Yunifásítì Pennsylvania. Wọ́n tún pàdé ní ọjọ́ 28 àti 29 oṣù karùn-ún ní Pentagon, olú ilé-iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, tí Charles Phillips sì ṣe alága. Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi dun àwọn ológun kò jìnnà. Kọ̀ǹpútà 225 ni wọ́n ní, wọ́n sì ti béèrè fún 175 sí i, kálukú pẹ̀lú èdè tirẹ̀. Bí ọjà tí wọn ò ti gbọ́ ara wọn ni.

Ènìyàn mẹ́fà ló jókòó kọ èyí tó pọ̀ jù nínú èdè tuntun náà. Obìnrin méjì wà nínú wọn, Jean Sammet àti Gertrude Tierney. Ìtumọ̀ orúkọ tí wọ́n fún un ni èdè àjùmọ̀lò fún iṣẹ́ òwò, òun ni wọ́n gé kúrú sí COBOL. Ìjíròrò náà fa ara débi pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìgbìmọ̀, Howard Bromberg, rò pé èdè náà kò ní yè. Ó ra òkúta ibojì, ó ní kí wọ́n gbẹ́ COBOL sára rẹ̀, ó sì fi í ránṣẹ́ sí Phillips! Òkúta náà wà ní ilé àkójọ ohun ìtàn kọ̀ǹpútà ní Kalifóníà báyìí. Ẹni tí wọ́n gbẹ́ ibojì fún kò sì kú. Ní ọjọ́ 6 àti 7 oṣù Kejìlá 1960, wọ́n gbé iṣẹ́ kan náà sórí ẹ̀rọ méjì tí ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣe, RCA 501 àti UNIVAC II. Méjèèjì ló ṣe é.

BÓ ṢE DÉ Ọ̀DỌ̀ WA

Àwa náà kò pẹ́ lẹ́yìn ayé. Iṣẹ́ ìkànìyàn 1962 sí 1963 ni wọ́n torí rẹ̀ gbé kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ wọ Nàìjíríà. Ọdún 1963 yẹn kan náà ni IBM ṣí ibùdó ìkẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fún ilẹ̀ Áfíríkà sí Yunifásítì Ìbàdàn. Lẹ́yìn náà ni ilé-iṣẹ́ bíi ICL àti NCR náà ń gbé tiwọn ká ọ́fíìsì.

Nígbà tí ìjọba ológun ṣe òfin pé kí àwọn àjòjì pín ìní ilé-iṣẹ́ wọn fún ọmọ Nàìjíríà, tí wọ́n sì mú òfin náà le sí i ní 1977, IBM kò gbà. Ní 1978, ó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó lọ. Ẹ wo nǹkan! Bó bá jẹ́ pé èdè IBM nìkan ni àwọn ọmọ wa kọ́, àwọn náà ì bá bá a lọ sínú igbó. Ṣùgbọ́n COBOL kì í ṣe ti IBM, kì í ṣe ti ICL. Ẹni tó bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí ìwé lórí ẹ̀rọ kan lè ṣí i lórí òmíràn pẹ̀lú àtúnṣe díẹ̀. Ọdún 1978 yẹn náà ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà wa dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, tó di Nigeria Computer Society lónìí. Tíṣà wa jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó rí ìgbà náà. Ó máa ń sọ pé, "Ẹ̀rọ lè bá olówó lọ, èdè tí mo gbọ́ kò lè bá a lọ."

BÀBÁ ÀGBÀ, BÀBÁ ÀTI ỌMỌ

Ìgbà téèpù ni ó fẹ́ràn láti sọ ìtàn rẹ̀ jù. Téèpù dà bí ìlà àwọn tó ń dúró de mólúè l'Óṣòdì nígbà náà, bó bá jẹ́ pé wọ́n ń tò o: bí ẹni tí o ń wá bá wà ní ìkọkàndínlọ́gọ́rùn-ún, o ní láti kọjá lára àwọn 98 tó wà níwájú rẹ̀. Nítorí náà, wọn kì í tún ewé kan ṣe lójú téèpù. Wọ́n á kó gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù náà jọ, wọ́n á tò ó ní nọ́ńbà-nọ́ńbà, wọ́n á fi kẹ́gbẹ́ téèpù àtijọ́, wọ́n á sì kọ téèpù tuntun pátápátá. Tuntun yẹn ni wọ́n ń pè ní ọmọ. Èyí tí wọ́n fi bí i ni bàbá. Ti oṣù tó ṣáájú ni bàbá àgbà. Wọn kì í ju bàbá àgbà nù, nítorí bí ọmọ bá bàjẹ́, bàbá á tún un bí. Bí bàbá náà bá bàjẹ́, bàbá àgbà wà nílé. Èmi ò tíì rí ohun tí òyìnbó ṣe tó jọ ti Yorùbá tó báyìí.

Ní 1956, IBM gbé ẹ̀rọ kan jáde tó ń tọ́jú ìwé sórí àwo irin 50 tó ń yí bí àwo orin. Gbogbo rẹ̀ gba nǹkan bíi lẹ́tà mílíọ̀nù márùn-ún. Lórí àwo, kò sí pé à ń tò sẹ́yìn ara wa mọ́. Apá ẹ̀rọ náà lè lọ tààrà sí ewé tó ń wá, bí kẹ̀kẹ́ Alájọ Ṣómólú ṣe ń wọ kọ̀rọ̀. Àmọ́ ó tún di wàhálà fún akọ̀wé: báwo ni yóò ṣe mọ ibi tí ewé kọ̀ọ̀kan wà lórí àwo? COBOL ti 1974 ló gbé ẹrù yẹn kúrò lórí rẹ̀, ó sọ ọ́ di òfin tí gbogbo ẹ̀rọ lè tẹ̀ lé. Kí ó sáà kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tó bá ń júwe ìwé rẹ̀ pé:

ORGANIZATION IS INDEXED
RECORD KEY IS NOMBA
ALTERNATE RECORD KEY IS ORUKO WITH DUPLICATES
FILE STATUS IS IDAHUN

Ìlà kìíní ní kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ máa tọ́jú atọ́ka, bíi ti ẹ̀yìn ìwé Bíbélì tó máa ń sọ ojú ewé tí ọ̀rọ̀ wà. Ìlà kejì ní nọ́ńbà ni kọ́kọ́rọ́; ènìyàn méjì kò gbọdọ̀ ní ọ̀kan náà. Ìlà kẹta ni mo fẹ́ràn jù. Ó ní orúkọ náà jẹ́ kọ́kọ́rọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn lè jọ jẹ́ ẹ. Àbí Táíwò mélòó ló wà ní Máfólúkù nìkan? Ẹni tó kọ ìlà yẹn kò mọ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé orúkọ kò tó láti dá ènìyàn mọ̀.

Ìlà kẹrin ni tíṣà wa fi yọ wá lẹ́nu. Gbogbo ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá ṣí ìwé, tó kà á, tàbí tó kọ sí i, ó máa ń fi nọ́ńbà méjì dáhùn síbẹ̀. 00, ó dára. 10, ìwé ti tán. 22, ẹnì kan ti ní kọ́kọ́rọ́ yìí, n kò gba ewé rẹ. 23, n kò rí ẹni tí o ń wá. COBOL ti 1985 tún fi àwọn mìíràn kún un, bíi 35, ìwé tí o ní kí n ṣí kò sí níbẹ̀. Tíṣà ní, "Lẹ́yìn gbogbo OPEN, lẹ́yìn gbogbo WRITE, ẹ bèèrè ìdáhùn. Ẹni tó rán ọmọ níṣẹ́ tí kò dúró gbọ́ èsì, kò rán an níṣẹ́." Lójú tiwa, ìyọnu lásán ni. Iṣẹ́ tí ìlà mẹ́wàá tó fún á wá di ogún!

Ọdún yẹn náà ni ariwo Y2K gba ìlú kan. Ẹ rántí ìlà 80 tí mo ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn? Láti fi àyè pamọ́, àwọn àgbà ayé káàdì ń kọ 63 dípò 1963, àṣà náà sì bá wọn dé orí téèpù àti àwo. Tí 2000 bá wá dé, 00 ni kọ̀ǹpútà máa rí, ó lè rò pé 1900 ni. Wọ́n ní iná á kú. Àwa tí a wà l'Ékòó rẹ́rìn-ín pé iná tí NEPA ti mú lọ kò tún lè kú mọ́. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2000 kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Àwọn kan ní irọ́ ni látilẹ̀. Irọ́ kọ́. Kárí ayé ni wọ́n ti ń ṣí ìwé kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń fẹ àyè ọdún lójú ewé, kí ọjọ́ náà tó pé.

22

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ẹbí mi. Àbúrò màmá mi ọkùnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Bọ̀dá Ìsọlọ̀, ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ aṣọ kan fún ọdún mọ́kàndínlógún. Ìdí ẹ̀rọ ìhunṣọ ló wà, ariwo rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di í létí. Ilé-iṣẹ́ náà kógbá wọlé ní 2002. Wọ́n ní kí wọ́n lọ gba owó tí wọ́n ti ń yọ lára owó oṣù wọn ní ọ́fíìsì kan tó ń tọ́jú rẹ̀. N kò ní í dárúkọ ọ́fíìsì náà, ọ̀rọ̀ ti tán.

Nígbà tó dé ibẹ̀, wọ́n ní, "Bàbá, orúkọ yín ò sí nínú kọ̀ǹpútà o."

Ó ní, "Kò sí báwo? Owó tí ẹ ń yọ lóṣooṣù, ṣé inú kànga lẹ̀ ń jù ú sí ni?"

Wọ́n ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Oṣù mẹ́rìnlá ló fi ń padà lọ. Ó ta fírísà ìyàwó rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin jókòó sílé fún ọdún kan láì lọ sílé-ìwé. Ohun tó dùn ún jù kì í ṣe owó. Ó ní ó dà bí ẹni pé ọdún mọ́kàndínlógún tí òun lò kò ṣẹlẹ̀ rárá. Lọ́jọ́ kan ó bá mi, ó ní, "Ìwọ tó o kọ́ kọ̀ǹpútà, dìde, tẹ̀ lé mi."

Ọlọ́run ṣe é, ìyá kan tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì ló dá wa lóhùn. Ó gbé páálí àtijọ́ jáde. Orúkọ Bọ̀dá wà níbẹ̀ gedegbe, nọ́ńbà rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìyá náà tẹ̀ ẹ́ wọlé níṣojú wa. Kọ̀ǹpútà kò sọ nǹkan kan. Ó bọ́ sórí orúkọ tó kàn bí ẹni pé gbogbo nǹkan dára. Ó wá a padà: kò sí.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, COBOL ni wọ́n fi kọ ọ́ ni?"

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ọmọ mi, o mọ COBOL?" Ó wọlé lọ, ó sì gbé ìwé tí wọ́n tẹ iṣẹ́ náà sí jáde. Mo wá ibi WRITE. Mo rí i. Lábẹ́ rẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ fi síbẹ̀ pé:

INVALID KEY CONTINUE

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: bí kọ́kọ́rọ́ kò bá ṣeé gbà, máa lọ. Máa lọ kẹ̀! Ara mi tutù. Ìyá náà wá ẹni tó ní nọ́ńbà Bọ̀dá nínú kọ̀ǹpútà. Ọkùnrin mìíràn ni, ilé-iṣẹ́ aṣọ kan náà, wọ́n sì jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà délẹ̀délẹ̀. Ẹni tó fún wọn ní nọ́ńbà rò pé ẹnì kan ni wọ́n, ó fún àwọn méjèèjì ní ẹyọ kan. Ti èkíní wọlé. Nígbà tó kan ti Bọ̀dá, kọ̀ǹpútà pariwo 22; kò sẹ́ni tó fetí sí i. Láti ọjọ́ náà, owó àwọn méjèèjì ń wọ orúkọ ẹnì kan lóṣooṣù. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ẹnì kejì kò tíì wá gba tirẹ̀.

Ní oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún, Bọ̀dá gba owó rẹ̀. Kò tó ohun tí ì bá rà lọ́dún tó ṣáájú, ṣùgbọ́n ó gbà á. Ọmọ rẹ̀ padà sílé-ìwé.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà lọ títí. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà ló jalè. Kì í ṣe COBOL ló ṣàṣìṣe. Ó ti pèsè nọ́ńbà méjì láti fi ké gbàjarè. Ẹni tó kọ iṣẹ́ náà ni ìrọ̀rùn tàn jẹ. Nítorí pé ó rọrùn láti ní kó ṣí, kó kọ, kó pa á dé, ó rò pé bíbéèrè bó ṣe rí kò pọn dandan. Àwọn tó mú iṣẹ́ rọrùn fún wa kò ní ká fi etí tiwa sílé.

Èdè tí wọ́n gbẹ́ ibojì fún ní àárín ìkọ́lé rẹ̀ ṣì wà láyé. Ní oṣù kẹrin 2020, nígbà tí àrùn kòrónà sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di aláìníṣẹ́, gómìnà ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà jáde síta láti wá àwọn tó gbọ́ COBOL, nítorí kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó ń san owó ìrànwọ́ kò lè gba èrò. Ìlànà COBOL tuntun jáde ní 2023, ó sì fi àṣẹ kan kún un tó ń jẹ́ ROLLBACK: bí iṣẹ́ bá dàrú lágbede méjì, dá ìwé padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Àgbà náà ṣì ń kọ́gbọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ kò nílò ẹ̀rọ ńlá mọ́. GnuCOBOL wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún kọ̀ǹpútà àgbéléwọ́.

Òṣòdì tí mo mọ̀ lọ́mọdé ti yí padà. Ìjọba kó ọjà ojú títì kúrò ní oṣù kìíní 2009, ilé ọkọ̀ ńlá sì dé ibẹ̀ ní 2019. Ní Cappa, lójú ọ̀nà P&T, Digital Bridge Institute tí àjọ NCC dá sílẹ̀ ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ àti kọ̀ǹpútà. Àwọn ọmọ Ìsọlọ̀ ń fi èdè tuntun kọ iṣẹ́ fún báńkì àti fún fóònù. Gbogbo wa sì ti di nọ́ńbà 11: BVN láti 2014, àti NIN. Kọ́kọ́rọ́ wa nìyẹn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ iṣẹ́ wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní fún yín, ti tíṣà mi ni, kì í ṣe tèmi. Èdè yòówù tí ẹ bá lò, ẹni tí ẹ kò rí ló wà lójú ewé tí ẹ ń kọ. Ó lè jẹ́ ẹni tí etí rẹ̀ ti di nídìí ẹ̀rọ ìhunṣọ. Nígbà tí ẹ bá ti kọ ọ́ tán, ẹ má ṣe kọjá lọ. Ẹ bèèrè bóyá ó wọlé.